Omi Tí Kò Rí Iná

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ife omi bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé dání, kì í sì í ṣe irú omi tí ènìyàn ń mu tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀.

Ní Odo-Ape, ní ilẹ̀ Bùnú, oníṣègùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bámigbóyè. Àgbàlagbà tó ga ni, tó gbẹ, tí ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí òjò inú ọyẹ́. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní ìdí igi ìyeyè, ìkòkò dúdú kan wà tí wọ́n rì dé ìdajì sínú ilẹ̀. Kò sí alààyè kan tó mọ ìgbà tí wọ́n rì í. Àgbà Ilé ni wọ́n ń pè é. A kì í da omi inú rẹ̀ nù, a kì í sì í fọ̀ ọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ọdọọdún ni wọ́n fi ń kún un. Egbò àti èèpo igi tí baba rẹ sínú rẹ̀ ni ọmọ ń bá níbẹ̀, tí òun náà ń rẹ tirẹ̀ lé e. Omi náà dúdú, ó máa ń tutù ní ọ̀sán gangan, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Bí ènìyàn bá dúró tì í pẹ́, yóò rí i pé ojú omi náà ń mì, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ewé kan kò sì já bọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí baba Bámigbóyè ń kú lọ, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí.

"Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni Àgbà Ilé ní. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara ènìyàn kí ó tó rí iná. Gbé e kaná kí ó hó, jẹ́ kí ó tutù, kí o tó fi kan ẹnikẹ́ni. Má bi mí ní ìdí rẹ̀. Èmi náà kò bi baba mi."

Ẹlòmíràn wà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba yìí nígbà náà, Olúbọ̀dé ni, ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ là, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Baba ti ṣèlérí fún un pé òun yóò bu igbá omi kan fún un nínú Àgbà Ilé lọ́jọ́ tí ó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ikú kò jẹ́ kí ọjọ́ náà pé. Kí ilẹ̀ sàréè baba tó gbẹ, Bámigbóyè ti ju àpò Olúbọ̀dé síta. Olúbọ̀dé sọdá odò kékeré tó la ìlú náà já, ó kọ́lé sí òdìkejì, ó sì ń ṣe ìṣègùn tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ èèwọ̀ ìkòkò náà, nítorí inú yàrá ni baba ti ń gbé omi kaná, ọmọ iṣẹ́ kì í sì í wọ ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìṣọ̀tá ti wà láàárín wọn. Ó burú sí i nígbà tí Fisáyọ̀, ọmọbìnrin Bámigbóyè, kọ̀ láti gbọ́ràn, tí ó lọ fẹ́ Délé ọmọ Olúbọ̀dé. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kabba, baba ìyàwó jókòó sí iwájú, baba ọkọ jókòó sí ẹ̀yìn, kò sì sí èyí tó sọ pé "àmín" sí àdúrà tí èkejì gbà.

*

Ní ọdún tí ìjọba yọ ìpínlẹ̀ Kogi jáde, tí gbogbo ẹni tó mọ̀wé ń dojú kọ Lokoja láti wá ipò, Adétáyọ̀ rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bámigbóyè ní ni, olùkọ́ ní Kabba, oníwà pẹ̀lẹ́ tí ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ìlú wá sin ín sọ́nà. Olúbọ̀dé náà sọdá odò, ó wọ agbádá funfun, ó sì tọ ọmọ náà lọ tààrà, ó kí i ní ìkíni ilẹ̀ Bùnú.

"Okun o, Adétáyọ̀! Ọmọ ìjọba!"

"Okun, Baba. Ẹ kú ìrìn o."

Olúbọ̀dé na ìka kan, ó fi kan ọmọ náà lórí imú, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo imú yìí bó ti gùn! Imú tó gùn báyìí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ìjọba. Kí ó má sáà jẹ́ pé òórùn mìíràn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́."

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Adétáyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Bámigbóyè, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ìka yẹn títí Olúbọ̀dé fi kó o padà sínú agbádá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ọmọ rẹ̀ sí ìdí igi ìyeyè. Abẹ gbẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sín in ní orí imú gan-an, níbi tí ìka ọ̀tá ti kàn.

"Baba, ẹ rọra o. Àwọn ará Lokoja á ní ológbò ló ya mí nímú."

"Jẹ́ kí wọ́n ní ẹkùn ni."

Ó ki ọwọ́ sínú ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Adétáyọ̀ wò ó.

"Mo rò pé ẹ máa ń gbé e kaná tẹ́lẹ̀, Baba?"

Ọ̀rọ̀ tí baba rẹ̀ sọ wá sí Bámigbóyè lọ́kàn, ó sì tì í sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó pé iná ni ń sọ oògùn di ẹran ọ̀sìn. Oògùn tó bá ti rí iná, a gbọ́ràn, a tẹrí ba, a wo ibà, a wo inú rírun. Ṣùgbọ́n ta ni ń fi àgùntàn dáàbò bo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìkookò? Ẹranko ìgbẹ́ ni ó fẹ́ lónìí, èyí tí kò mọ okùn.

"Ti ìtọ́jú nìyẹn," ó dá a lóhùn. "Ti ogun ni èyí." Ó sì fi ẹrẹ̀ tútù náà pa ojú gbẹ́rẹ́ náà dé.

Ẹyẹ òwìwí kan ké lórí igi ìyeyè, oòrùn kò sì tíì wọ̀.

*

Oṣù gorí oṣù. Nígbà tí Adétáyọ̀ padà wálé fún ọdún Kérésì, nǹkan kan wà lórí imú rẹ̀. Ó pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ, ó le bí kóró ìyeyè. Kò dùn ún. Kò yún un. Kò sì lọ.

"Éèwo kọ́ nìyí," Rebecca ìyá rẹ̀ wí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Éèwo a máa roni, a máa pọ́n, a máa tú. Èyí kàn jókòó bí àlejò tí kò fẹ́ lọ ni."

Bámigbóyè tẹjú mọ́ ọn. Ibi tí ìka Olúbọ̀dé kàn ni nǹkan náà wà. Ẹ̀rí wo ni ó tún ń wá? Láti ọjọ́ náà, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń bu omi tútù inú Àgbà Ilé, ó fi ń wẹ egbò náà. Bí ó sì ti ń wẹ̀ ẹ́ ni ó ń fẹ̀, ó gba orí imú, ó yà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí omi tó ń wá ọ̀nà.

Ní ọ̀sán gangan kan, ní àsìkò tí òjìji ènìyàn ń sá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Bámigbóyè sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú àdó kékeré kan jáde, ó tú ẹ̀bu oògùn inú rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó sì kọjú sí òdìkejì.

"Ẹni tó ta ọfà sókè, orí rẹ̀ ni ó fi ń gbà á. Ẹni tó tutọ́ sí ìjì, ojú rẹ̀ ni ó fi ń gbà á. Olúbọ̀dé, ohun tí o fi ránṣẹ́ ti ń padà bọ̀. Má sá. Má farapamọ́. Imú ni o fi ránṣẹ́, imú ni kí o fi gbà á."

Ó fẹ́ ẹ̀bu náà lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé e, ó sì gbé e gba orí omi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, iná jó àká ọkà Olúbọ̀dé di eérú, kò sì sí ẹni tó rí ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, Rebecca ṣílẹ̀kùn, ó bá alángbá kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi òwú pupa rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Alángbá náà ṣì wà láàyè. Adìyẹ tó ń sàba lẹ́yìn ilé dìde lórí ẹyin rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀tá méjì pàdé ní odò, omi wà láàárín wọn.

"Bámigbóyè! Ṣé ìwọ lo rán iná sí àká mi?"

"Ṣé ìwọ lo rán egbò sí imú ọmọ mi?"

Olúbọ̀dé gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ìwọ ni mo rán alángbá sí, mo sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n imú ọmọ rẹ? Àgbà bíi tèmi! Bí mo bá fẹ́ rán ikú sí ọ, ṣé mo máa ń ṣi àdírẹ́sì ni?"

Ẹ̀rín rẹ̀ tẹ̀lé Bámigbóyè dé ilé, ó wọ yàrá pẹ̀lú rẹ̀.

*

Obìnrin arúgbó kan wà ní Makutu, ní ilẹ̀ Yàgbà, tí kì í da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí owó ẹyọ, tí kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀. Òórùn aṣọ ni ó fi ń ríran. Bámigbóyè gbé síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó wọkọ̀ lọ bá a, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Arúgbó náà ń pa ẹ̀gúsí. Kò gbé ojú sókè. Ó gba aṣọ náà, ó fi sí imú, ó pẹ́ kí ó tó mú un kúrò.

"Kò sí òórùn àjèjì lára aṣọ yìí."

"Ìyé, ẹ tún un gbọ́. Mo mọ ọ̀tá mi. Mo mọ ilé rẹ̀."

"O mọ ilé rẹ̀, o kò mọ tìrẹ. Ohun tó ń jẹ ọmọ rẹ, inú ọgbà rẹ ló ti jáde. Ó mọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá yín gbé." Ó ju aṣọ náà sí i lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀ kíkankíkan lára ìró, bí ẹni tó gbá ohun yíyọ̀ mú. "Gbé e kúrò níwájú mi. Kò tíì jẹun tán."

Nínú ọkọ̀ tó ń padà bọ̀, ojú kan ṣoṣo ni Bámigbóyè ń rí. Ta ló ti inú ọgbà rẹ̀ jáde, tó mọ ibùsùn ọmọ náà, tó mọ aṣọ rẹ̀, tó sì lọ ń sùn nínú ilé ọ̀tá?

Ó wọlé bá Fisáyọ̀ lórí ẹní arákùnrin rẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ lé eṣinṣin kúrò ní ojú egbò náà. Ayọ̀wálé ọmọ rẹ̀, tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ń rá kiri inú yàrá.

"Dìde níbẹ̀."

"Baba, ẹ káàbọ̀."

"Mo ní kí o dìde! Òdìkejì odò lo ti wá, òdìkejì odò ni kí o padà sí. Kí ni o mú lọ fún baba ọkọ rẹ lára ọmọ mi? Irun ni? Èékánná ni?"

Fisáyọ̀ wò ó bí ẹni tí a da omi gbígbóná sí lójú. "Èmi, Baba? Èmi?"

"Ọjọ́ tí o bá tún tẹ ẹnu ọ̀nà yìí, èmi àti ìwọ ni."

Adétáyọ̀ gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò jáde bó ṣe yẹ. Fisáyọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Mo gbọ́, Baba. N kò ní tẹ tiyín. Ẹ̀yin náà, ẹ má tẹ tèmi láé."

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Adétáyọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, "Ìyé, kí ló dé tí ẹ̀yin méjì fi wọlé?"

"Èmi nìkan ni, ọkọ mi."

"Rárá. Èkejì dúró lẹ́yìn yín. Orí rẹ̀ tutù."

Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kan ti yà sọ́tọ̀. Ó ń di orí mú, ó ń ké. Ó pe àwo ní bàtà, ó pe baba rẹ̀ ní orúkọ tí kò sí nínú ìran wọn. Nígbà tí gìrì gbé e ṣánlẹ̀ lójú oòrùn, Rebecca kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè mọ́. Ó ké sí àwọn aládùúgbò, wọ́n gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Kabba. Bámigbóyè tẹ̀lé wọn bí ẹni tí a so lókùn.

Dókítà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yẹ orí imú náà wò pẹ́ títí. Ó mú díẹ̀ nínú ẹran ara rẹ̀ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Nígbà tí ó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí, ó sì pe Bámigbóyè nìkan sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"N kò fi ojú ara mi rí irú rẹ̀ rí," ó wí. "Inú ìwé ni mo ti kà á. Ohun alààyè kan ni, ojú lásán kò lè rí i. Inú erùpẹ̀ ni ó ń gbé, àti inú omi tó pẹ́ lójú kan. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó bá fara kàn án, bóyá ni yóò mú ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú, ojú egbò ni yóò gbà wọlé. Yóò jókòó sí awọ ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, láì kánjú, láì pariwo. Lẹ́yìn náà yóò gun ọpọlọ lọ." Ó wo Bámigbóyè. "Baba, ṣé ẹ fi omi kankan wẹ imú yìí?"

"Rárá."

"Omi odò? Omi àgbo? Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ sè ni, kò burú. Kò lè fara da iná."

Nǹkan kan já nínú Bámigbóyè, ó já bí okùn garawa nínú kànga. Ó gbọ́ ohùn baba rẹ̀ létí, ó gbọ́ ọ ketekete, ó tilẹ̀ gbọ́ òórùn ẹnu àìsàn baba náà. Kí ó tó rí iná. Kí ó tó rí iná.

"Rárá," ó tún wí. "Omi kankan kò kàn án."

Wọ́n sa gbogbo oògùn tó wà ní ìkáwọ́ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Adétáyọ̀ kú.

*

Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ tí ó sì mọ̀, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè wólẹ̀ níwájú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì lè wá ẹlòmíràn tí yóò bá a rù ú. Bámigbóyè jókòó ní ìdí igi ìyeyè lójoojúmọ́, ó ń wo omi tó ń mì láìsí afẹ́fẹ́, ó sì ń hun ọ̀rọ̀ náà bí ẹni hun agbọ̀n. Ta ló fi ìka kan imú ọmọ náà? Olúbọ̀dé ni. Ta ló dẹ́rù bà á tó fi gbàgbé iná? Olúbọ̀dé ni. Nígbà tí agbọ̀n náà fi pé, ikú Adétáyọ̀ ti wọ inú rẹ̀ tán, orí Olúbọ̀dé ni ó sì gbé e lé.

Ìrọ̀lẹ́ kan, Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ wọlé. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Okun o, Bámigbóyè."

"Okun. Jókòó, bí ìdí rẹ bá gbà fún ọ."

"Ìdí mi gbà. Ọkàn ni kò fẹ́ gbà." Ó jókòó. "Mo wá kí ọ kú ọ̀fọ̀. Ọmọ rere ni. N kò fi nǹkankan ṣe é, bí o bá fẹ́ o gbà, bí o kò fẹ́ o fi sílẹ̀."

"O ti kí mi. Kí ni ó kù?"

"Igbá omi mi ni ó kù. Baba rẹ ṣèlérí rẹ̀, irun mi sì ti funfun níbi tí mo ti ń retí rẹ̀. Ọmọkùnrin kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ta ni yóò máa bu òjò sínú Àgbà Ilé lẹ́yìn rẹ? Ẹtu ni, àbí ọ̀yà? Bù ú fún mi kí ìjà parí. N kò ní béèrè ẹni tó sun àká mi."

Bámigbóyè dìde, ó mú igbá, ó ki apá bọ inú ìkòkò dé èjìká, ó sì bu omi náà pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Olúbọ̀dé gba igbá náà bí ẹni gba ọmọ tuntun. "Ṣé ó ní èèwọ̀?"

Kòkòrò inú koríko dákẹ́.

"Kò ní."

"Baba máa ń gbé e wọ yàrá kí ó tó fi kan aláìsàn. Kí ni ó máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Àdúrà."

"Baba rẹ! Àdúrà!" Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó sì gbé igbá náà lọ sínú òkùnkùn tó ń bọ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ kí ẹ̀kán kan má baà dànù. Bámigbóyè sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú.

*

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ti ga nígbà tí Rebecca ti òdìkejì odò dé, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ibi tí o lé ọmọ mi lọ." Ó sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀. "O ṣe ohun rere kan láyé rẹ, Baba Adétáyọ̀, jẹ́ kí n yìn ọ́. Omi tí o fún Olúbọ̀dé ti tu gbogbo wa nínú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ilé méjèèjì ló wà lára Ayọ̀wálé, pé òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó sín in ní gbẹ́rẹ́ ní orí imú, kí ohun tó pa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún, Olúbọ̀dé bá sín tirẹ̀ náà, kí ọmọ lè rí i pé kò dunni. Ẹ̀rín pa mí..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Bámigbóyè fi yọ lójú ọ̀nà. Àgbà kì í sáré lásán. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà ní aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lẹ́bàá odò, kò sì dúró mú un.

Fisáyọ̀ ni ó kọ́kọ́ rí. Ó na apá méjèèjì, ó fi dí ẹnu ọ̀nà.

"Baba, kí ni mo wí fún yín?"

"Ọmọ náà! Ẹ wẹ imú rẹ̀! Ẹ gbé omi kaná!"

"Ẹ kò ní wọlé."

Lẹ́yìn rẹ̀, Ayọ̀wálé jókòó lórí ẹní, ẹrẹ̀ dúdú ti gbẹ mọ́ imú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí baba ńlá rẹ̀. Olúbọ̀dé jáde wá. Ẹrẹ̀ náà wà ní imú tirẹ̀ pẹ̀lú.

"Kí ló ń lé ọ?"

"Ó ní èèwọ̀," Bámigbóyè wí. "Kò gbọdọ̀ kan ara kí ó tó rí iná."

"O ní kò ní."

"Mo purọ́."

Olúbọ̀dé gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi kan ẹrẹ̀ orí imú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń kan ejò tó rò pé ó ti kú.

"Ti Adétáyọ̀ ńkọ́?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ṣé o se tirẹ̀?"

Bámigbóyè dorí kodò. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Rebecca ni, ó ti sáré tẹ̀lé e.

"Bámigbóyè," ó wí.

Láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ, kò pè é ní orúkọ rí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, Fisáyọ̀ sọ apá kan kalẹ̀ fún un, ó wọlé lọ gbé omi kaná, kò sì padà sí ilé ọkọ mọ́.

Wọ́n wẹ ọmọ náà. Wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú fọ ojú gbẹ́rẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn, wọ́n sì fọ ti Olúbọ̀dé náà. Wọ́n gbé e lọ bá dókítà ní Kabba, dókítà náà sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ohun tó kù kò sí lọ́wọ́ òun: kí wọ́n máa wò ó.

Ní ọjọ́ náà, Bámigbóyè kó igi gbígbẹ yí Àgbà Ilé ká, ó sì dá iná sí i. Iná náà jó títí igi ìyeyè fi wọ́wé. Omi náà hó, ó pariwo bí ẹni tí a ń fún lọ́rùn, ìkòkò náà sì là sí méjì. Nígbà tí eérú tutù, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi tó rì sínú ilẹ̀, ṣì tutù.

*

Láti ìgbà náà, ní òwúrọ̀ gbogbo, Bámigbóyè ń lọ dúró létí odò. Kò sọdá. Olúbọ̀dé a gbé Ayọ̀wálé jáde, a yí ojú ọmọ náà sí oòrùn, a fi àtàǹpàkò nu orí imú rẹ̀, kí ẹni tó wà ní òdìkejì lè rí i. Kò sí ìkíni. Nígbà tí ó bá ti wò ó tó, yóò gbé ọmọ náà wọlé. Àwọn tó ń pọnmi yà fún Bámigbóyè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú. "Ẹ wo àjẹ́ ọkùnrin. Ó jẹ tilé tán, ó ń wo ti òkèèrè." Ó ń gbọ́ wọn. Ojú rẹ̀ kì í kúrò ní imú ọmọ náà.

Òjò dé, òjò lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Imú rẹ̀ ń dán.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọyẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, Olúbọ̀dé jáde ní òwúrọ̀ kan láì gbé ọmọ náà. Ọwọ́ ni ó fi mú un, ọmọ náà ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rìn dé etí omi, ó súnmọ́ ju bó ti máa ń ṣe lọ, ó sì yí ojú ara rẹ̀ sí oòrùn.

Lórí imú rẹ̀, nǹkan kan wà. Ó pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ.

"Kò dùn mí," Olúbọ̀dé wí. "Kò yún mi. Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dáadáa, Bámigbóyè. Ọfà rẹ bà mí. Ṣé inú rẹ dùn?"

Bámigbóyè wá ayọ̀ náà nínú ara rẹ̀, ayọ̀ tó ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò rí i níbẹ̀.

Olúbọ̀dé gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà. "Àdúrà lo ní baba rẹ máa ń gbà. Ó yá, gbà á. Gbàdúrà kí ó jẹ́ èmi nìkan ni ó ń wá."

Bámigbóyè la ẹnu. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ alágbára jọ, kò sì sí èyí tó wá sí i létè àfi ọ̀kan. "Ẹni tó ta ọfà sókè," ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, "orí rẹ̀ ni ó fi ń..."

Ní òdìkejì odò, Ayọ̀wálé gbọ́ ohùn náà. Ó gbé ojú sókè, ó sì na imú rẹ̀ kékeré sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀.

Bámigbóyè fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ara rẹ̀ pa.